Àfòmọ́ inú iṣan: ohun tí wọ́n ń wá nínú oúnjẹ kòkòrò ẹ̀tẹ̀

Níbi ìpàdé ẹbí wa ní Adó-Èkìtì, bàbá kan tí ó jẹ́ àgbà gbogbo wa bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo dáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, ọdún kẹrin rẹ̀ sì ni a wà yìí. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tí o kàwé, là á yé mi. Wọ́n ní kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ni ọmọ yìí ń kà, wọ́n tún ní ohun tí kòkòrò náà ń jẹ gan-an ni ó ń wá. Ẹ̀tẹ̀ tí oògùn rẹ̀ ti wà látìgbà tí àwa ṣì jẹ́ géńdé, kí ni ẹ fẹ́ fi oúnjẹ kòkòrò ṣe?" A kì í fi ìwé ṣe yẹ̀yẹ́ ní Èkìtì, ẹni tí ó bá mọ̀ wá mọ bí inú ìdílé ṣe máa ń dùn tó nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá kò fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni, ìdáhùn tí mo sì fún wọn lọ́jọ́ náà kò tó. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún, fún Bàbá àti fún ẹnikẹ́ni tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ń gbé lọ́kàn.

Kí a tó dé ibi oúnjẹ, ó yẹ kí a mọ kòkòrò tí a ń sọ. Mycobacterium leprae ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Bakitéríà ni, ẹbí kan náà sì ni òun àti kòkòrò tí ó ń fa ikọ́ ife, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Dókítà ará Norway kan, Gerhard Armauer Hansen, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1873 nípasẹ̀ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń pe ẹ̀tẹ̀ ní àrùn Hansen. Ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan ń gbé kiri. Inú awọ ara àti inú iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn iṣan tí a fi ń mọ̀ pé nǹkan gbóná tàbí pé nǹkan gún wa, ni kòkòrò náà ń gbé. Láti imú àti ẹnu ẹni tí kò tíì lo oògùn ni ó ti ń ràn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a ti bá onítọ̀hún gbé pọ̀ pẹ́ tímọ́tímọ́, nítorí pé nínú 100 ènìyàn, bí 95 ni ara wọn lágbára láti ṣẹ́gun rẹ̀ láìlo oògùn kankan. Láti ọjọ́ tí ó bá wọ ara ènìyàn di ọjọ́ tí àmì rẹ̀ yóò hàn lè tó ọdún márùn-ún, ó sì lè tó ogún ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìjáfara yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ó bí púpọ̀ nínú ìṣòro tí a óò bá pàdé níwájú.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èdè wa kí n tó máa lọ. N kò ní pe ẹnikẹ́ni ní adẹ́tẹ̀ nínú àlàyé yìí. A máa ń pa á lówe pé bí adẹ́tẹ̀ kò bá lè fún wàrà, ó lè da á nù, a sì máa ń sọ ọ́ láìrò ó pé ẹni tí àrùn náà ń bá jà lè jókòó láàárín wa, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì tìtorí rẹ̀ bo àmì tí ó rí lára rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iṣan rẹ̀ yóò fi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Irú ìtìjú yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹ̀tẹ̀ mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Ìdí mìíràn ni pé àwọn tí ó ń mú jẹ́ tálákà, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn kì í sì í fi tayọ̀tayọ̀ náwó sórí ẹni tí kò lówó láti rà á. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, 182,815 ènìyàn ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ káàkiri àgbáyé pé àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára wọn. Íńdíà, Brazil àti Indonesia ni ó pọ̀ sí jùlọ, ó sì wà ní Nàìjíríà náà.

Ó wá ku oúnjẹ. Ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, ìbáà ṣe erin tàbí bakitéríà, ní iṣẹ́ méjì tí ó ń fi oúnjẹ ṣe. Ó ń jó apá kan láti rí agbára, bí a ṣe ń ki igi sínú ààrò. Ó sì ń fi apá kejì mọ ara rẹ̀, bí a ṣe ń fi amọ̀ mọ ògiri. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí lápapọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní metabolism. Ìdáná ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ṣe é, èyí tí í ṣe jíìnì. Bí a bá fẹ́ jẹ iyán, ẹnì kan yóò bẹ iṣu, ẹnì kan yóò sè é, ẹnì kan yóò gún un. Bí ẹni tí yóò gún un kò bá sí, iṣu sísè ni yóò wà nílẹ̀, kò sí bí ọbẹ̀ ṣe lè dùn tó tí yóò sọ ọ́ di iyán. Ẹni tí ń ṣe ìwádìí ìdáná kòkòrò ń bèèrè pé: nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí ó wà, àwọn wo ni ó wà, àwọn wo ni kò sí mọ́, àwọn wo ni ó sì jẹ́ pé bí a bá so ọwọ́ wọn, ilé náà kò ní rí oúnjẹ jẹ?

Oògùn tí Bàbá ń tọ́ka sí gan-an, inú ìdáná ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Dapsone ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń lò ó fún ẹ̀tẹ̀ láti apá ìparí àwọn ọdún 1940. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ nílò èròjà kan tí à ń pè ní folate, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀. Àwa ènìyàn náà nílò folate, ṣùgbọ́n ara wa kì í ṣe é. Inú ewébẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ ẹran ni a ti ń rí i. Dapsone ń so ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí ń ṣe folate nínú kòkòrò. Àwa kò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò rí ọwọ́ so lọ́dọ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣe ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ní jàǹbá lọ́nà mìíràn. Inú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni oògùn ti ń jáde: ohun tí ó jẹ́ kòṣeémánìí fún kòkòrò, tí kò sì sí lára ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ ìdáná kòkòrò kò lè mọ ibi tí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Nígbà tí ó di ọdún 1964, wọ́n ti rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ tí dapsone kò ràn mọ́. Ní ọdún 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé oògùn kan kò tó, wọ́n sì dábàá kí a máa lo mẹ́ta pọ̀: rifampicin, dapsone àti clofazimine. Oṣù mẹ́fà ni ẹni tí kòkòrò náà kò pọ̀ lára rẹ̀ ń lò ó, ẹni tí ó pọ̀ lára rẹ̀ ń lò ó fún oṣù méjìlá, láti ọdún 1995 sì ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni Bàbá sọ, oògùn wà, ó sì ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò ni oògùn ń pa. Iṣan tí ó bá ti kú kì í jí. Wọ́n sì ti ń rí kòkòrò tí rifampicin, tí ó lágbára jùlọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ràn mọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ẹni tí ó mọ bí ọ̀rọ̀ dapsone ṣe rí kò ní dúró kí ó tún ṣẹlẹ̀ kí ó tó wá òmíràn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kòkòrò yìí kọ̀, kò ṣeé gbìn. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ni ó jẹ́ pé bí a bá fi wọ́n sínú àwo pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀, ilẹ̀ kò ní mọ́ kí wọ́n tó pọ̀ bí iyanrìn. Láti ìgbà Hansen di òní, ó ti lé ní 150 ọdún, kò sí ẹni tí ó tíì rí oúnjẹ tí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ yóò jẹ nínú àwo kí ó sì máa bí sí i. Ìṣòro yìí ti Hansen fúnra rẹ̀ sínú ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí pé kò rí kòkòrò náà gbìn, ó mú èyí tí ó wà lára aláìsàn kan, ó fi gún ojú obìnrin mìíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè wò ó bóyá yóò ràn án. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 1880, ó sì pàdánù ipò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ọmọ wa ń ṣe wàhálà lórí ìwé àṣẹ tí yunifásítì ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ìtàn obìnrin yẹn ni mo sọ fún un, mo sì sọ fún un pé kí ó fara balẹ̀ kọ ìwé náà dáadáa.

Ní ọdún 1960 ni Charles Shepard ní Amẹ́ríkà rí i pé kòkòrò náà lè pọ̀ sí i nínú àtẹ́lẹsẹ̀ èkúté, ní ọdún 1971 sì ni wọ́n tún rí i pé ó ń gbilẹ̀ nínú ẹranko Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní armadillo, èyí tí ìkarahun líle bo ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀? Nítorí òtútù ni. Ẹni tí ó bá ti dé Ìkógòsì rí i tẹ́lẹ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù ń jáde láti ilẹ̀ kan náà, wọ́n sì ń pàdé, ṣùgbọ́n bí o bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, o óò mọ apá ibi tí o wà. Ara ènìyàn náà fi díẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Inú wa gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 37 ní Celsius, ṣùgbọ́n etí, imú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbẹ̀ sì ni kòkòrò ẹ̀tẹ̀, tí ìwọ̀n 27 sí 33 bá lára mu, máa ń fi ṣe ibùgbé. Àtẹ́lẹsẹ̀ èkúté tutù ju inú rẹ̀ lọ, ara armadillo náà tutù ju tiwa lọ. Ohun tí a ń rí ní ìka ọwọ́ àti ní etí àwọn tí àrùn náà ti bá jà pẹ́ kò ṣẹ̀yìn èyí.

Kódà nínú ẹsẹ̀ èkúté, kò yára. Bakitéríà kan wà nínú ìfun wa tí ó lè pín di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú bí oúnjẹ bá wà. Kòkòrò ikọ́ ife ń gbà tó nǹkan bí ogún wákàtí. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ń gbà tó ọjọ́ 12 sí 14. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, iye ìgbà tí ó lè pín láàárín odidi ọdún kan kò ju nǹkan bí 28 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ti inú ìfun yóò ti pín tó bẹ́ẹ̀ kí wákàtí mẹ́wàá tó pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán oògùn kan wò lára kòkòrò inú ìfun yóò rí èsì kí ó tó jẹun òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò lára kòkòrò ẹ̀tẹ̀ nínú ẹsẹ̀ èkúté yóò dúró fún oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn fún ọdún kan. Nínú ọdún mẹ́rin oyè ọ̀mọ̀wé, mélòó ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ṣe, tí ó tún fẹ́ ṣe àṣìṣe kan nínú rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe? Ó yẹ kí àwọn òbí tí ń bi ọmọ wọn pé "ìgbà wo ni o máa parí" mọ èyí.

Kí ni ó wá jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ka DNA kòkòrò náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí gbogbo jíìnì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde fún gbogbo ayé. Wọ́n fi í wé ti kòkòrò ikọ́ ife tí wọ́n ti kà tán ní ọdún 1998, tí ó ní jíìnì bí 4,000. Nínú kòkòrò ẹ̀tẹ̀, 1,604 péré ni wọ́n rí tí ó ṣì lè bí purotéènì, ìyẹn èròjà tí a fi ṣe àwọn òṣìṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí 1,116 mìíràn tí ó jẹ́ àwókù. Bí ẹ bá rìn gba àwọn àdúgbò àtijọ́ nínú ìlú wa kọjá, ẹ óò rí ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti jìn. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró, ẹ lè tọ́ka sí ibi tí yàrá wà tẹ́lẹ̀ àti ibi tí ààrò wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń dáná níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jíìnì wọ̀nyí rí: a ṣì lè ka ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, a mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn baba ńlá kòkòrò náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú wọn ti bàjẹ́, wọn kò sì lè bí òṣìṣẹ́ kankan.

Bí wọ́n ṣe di àwókù kò ṣòro láti lóye. Ohun ẹlẹ́mìí tí ó ń gbé nínú ilẹ̀ tàbí nínú omi gbọ́dọ̀ mọ oríṣiríṣi oúnjẹ í jẹ, nítorí pé kò mọ ohun tí ọ̀la yóò gbé wá. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ti sá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tí a fi mọ ara, níbi tí oúnjẹ ti wà ní sísè. Bí jíìnì kan tí ó wà fún wíwá oúnjẹ lóde bá bàjẹ́, ebi kò pa á, kò sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún ìbàjẹ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran, ó ti pàdánù ọ̀nà tí à ń gbà tú ọ̀pọ̀ oúnjẹ palẹ̀, ó pàdánù ohun tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi ń kó irin jọ, ó sì pàdánù ọ̀nà tí à ń gbà mí nígbà tí ọ́síjìn kò bá sí.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń gbọ́ èyí, wọ́n á sì rò pé ọ̀lẹ pátápátá ni kòkòrò náà, pé kò lè ṣe ohunkóhun fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àfòmọ́ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé kò sí àgbẹ̀ kòkó kan ní Èkìtì tí kò mọ̀ ọ́n. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ìbátan rẹ̀. Ó ń ti ẹnu bọ ẹ̀ka igi kòkó, ó ń fa omi àti èròjà ilẹ̀ tí gbòǹgbò kòkó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ewé rẹ̀: àwọ̀ ewé ni, ó ń fi oòrùn se oúnjẹ tirẹ̀ bí igi yòókù. Ohun tí ó nílò láti ilẹ̀ ni ó ń jí. Ìyókù, ó ń ṣe é. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Apá tí à ń fi tú oúnjẹ palẹ̀ ni ó ti wó jùlọ nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí à ń fi mọlé ṣì dúró. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn amino acid, ìyẹn bíríkì tí à ń fi mọ purotéènì, ni ó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ni ó wá ń jí? Ibí yìí ni mo rò pé ìmọ̀ náà dùn jù. Sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ bá ti wọ̀ máa ń kún fún ọ̀rá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọ̀rá náà ni yóò máa jẹ, pàápàá nítorí pé kòkòrò ikọ́ ife mọ cholesterol, irú ọ̀rá kan, í jẹ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé kòkòrò ẹ̀tẹ̀ lè fọwọ́ kan cholesterol, ó lè yí i padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tú u palẹ̀ kí ó fi ṣe oúnjẹ. Ààrò ibẹ̀ ti wó. Lẹ́yìn èyí ni àwọn olùwádìí kan lo ọgbọ́n mìíràn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Wọ́n mú ṣúgà glucose tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju èyí tí a sábà máa ń rí lọ, wọ́n fi bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ wà nínú wọn. Ó dà bí ìgbà tí ahunṣọ bá rẹ òwú kan láró kí ó tó hun ún mọ́ funfun: nígbà tí aṣọ bá délẹ̀, ibi tí òwú náà gbà ni yóò hàn. Wọ́n yọ kòkòrò náà, wọ́n tú purotéènì rẹ̀, wọ́n sì rí kábọ́ọ̀nù tí wọ́n sàmì sí nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn amino acid rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣúgà sẹ́ẹ̀lì ni ó ń gbà, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó fi ń mọ bíríkì tirẹ̀. Àfòmọ́ ni lóòótọ́.

Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò fún ìwádìí yìí ni sẹ́ẹ̀lì Schwann, èyí tí ó wé mọ́ iṣan ìmọ̀lára bí èèpo ṣe wé mọ́ wáyà iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ju wíwé lọ. Okùn iṣan tí ń gbé ìròyìn láti ìka ẹsẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn gùn, ọ̀nà sì jìn. Sẹ́ẹ̀lì Schwann ni ó ń gbé oúnjẹ fún un lójú ọ̀nà, bí ìyàwó ṣe ń gbé oúnjẹ tọ ọkọ lọ sí oko. Lára ohun tí ó ń gbé fún un ni lactate, èyí tí ó ń rí láti inú ṣúgà. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo sẹ́ẹ̀lì Schwann tí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé ṣúgà tí ó ń fà wọlé pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n lactate tí ó ń gbé jáde dín kù. Oúnjẹ ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tí ó wà lóko kò sì rí jẹ. Àwọn onímọ̀ kan rò pé èyí wà lára ohun tí ń pa iṣan, yàtọ̀ sí ìjà tí àwọn ọmọ ogun ara wa fúnra wọn ń jà níbẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ó ń ba iṣan jẹ́. Bí a bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìwádìí oúnjẹ kòkòrò yóò ti kọjá ọ̀rọ̀ pípa á. Yóò di ọ̀rọ̀ bí a ṣe lè dá ìmọ̀lára sí nínú ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti tẹ iná.

Mo ti sọ pé kòkòrò náà pàdánù ọ̀pọ̀ nǹkan. Ohun tí ó sọnù náà lè di àǹfààní fún wa, ẹni tí ó bá sì ń gbé ní ilẹ̀ yìí kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ife ní ọ̀nà méjì tí ó fi ń lo ọ́síjìn láti rí agbára. Bí a bá dí ọ̀nà kìíní, yóò yà sí èkejì, bí ilé tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ń tàn án nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ti jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ bàjẹ́. Ó wà lára àwọn àwókù tí wọ́n rí ní ọdún 2001. Okùn iná kan ṣoṣo ni ó kù fún un. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní telacebec, ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ ṣe é, ọ̀nà kìíní yẹn gan-an ni ó sì ń dí. Lára èkúté tí ó ní kòkòrò ẹ̀tẹ̀, ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá. Èyí kò tíì di oògùn tí a lè lọ gbà ní ilé ìwòsàn fún ẹ̀tẹ̀. Oògùn mìíràn, bedaquiline, tí ó ń so ọwọ́ ẹ̀rọ tí kòkòrò fi ń ṣe agbára, ni wọ́n ti dán wò lára àwọn aláìsàn díẹ̀ ní Brazil, wọ́n sì gbé èsì tí ó dára jáde ní ọdún 2024. Kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ pé kí òun gbé oògùn ikọ́ ife wá síbí yìí bí kò bá jẹ́ pé àwọn kan ti jókòó ka ìdáná kòkòrò náà ní àwókù kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ẹbí tún máa ń bẹ̀rù pé kí ọmọ wa má kó àrùn náà. Kò sí kòkòrò kankan nínú yàrá tí ó ń lò. Kòkòrò tí ó wà láàyè fún ìwádìí kò pọ̀ láyé. Ilé ìwádìí díẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ẹranko, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Louisiana ní Amẹ́ríkà, tí ó ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn. Ohun tí ọmọ wa ní ni DNA rẹ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ ní lẹ́tà, èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní Adó tàbí ní ibi yòówù tí ó bá wà. Láti inú rẹ̀ ni ó ti ń to gbogbo ìgbésẹ̀ ìdáná kòkòrò náà sórí kọ̀ǹpútà, èwo ni ó ń sọ ṣúgà di kí ni, èwo ni ó ń gba kí ni lọ́wọ́ ta ni. Lẹ́yìn náà ni yóò pa ìgbésẹ̀ kan, yóò sì ṣírò bóyá ilé náà ṣì lè rí agbára àti bíríkì tí ó tó láti fi pín di méjì. Yóò dá a padà, yóò pa òmíràn. Apá tí ó le jù, bí ó ti sọ fún mi, ni láti mọ̀ bóyá jíìnì kan ti kú lóòótọ́ tàbí ó kàn dà bí ẹni tí ó ti kú, nítorí pé bí ó bá ka ilé tí ènìyàn ṣì ń gbé mọ́ àwókù, gbogbo ìṣirò tí ó bá gbé lé e lórí yóò wọ́.

Bàbá tún bi mí léèkan sí i nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní, "Ṣé ó ti wá rí ibi tí a óò ti so wọ́n lọ́wọ́?" Mo ní, Bàbá, kọ̀ǹpútà lè tọ́ka sí ìgbésẹ̀ mélòó kan kí ó ní ẹ wo ibí yìí ná. Ẹsẹ̀ èkúté ni yóò sọ bóyá òótọ́ ni, ẹlòmíràn ní ibòmíràn ni yóò sì bá a dán an wò. Bí wọ́n bá gún èkúté náà ní abẹ́rẹ́ ní àkókò tí àwa ń kọ ebè, ó ṣeé ṣe kí a ti máa gún iyán iṣu tuntun kí wọ́n tó lè ka iye kòkòrò tí ó wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.